Bí A Ṣe Ń Dán Ọ̀tá Inú Géèmù Ogun Wò

Kí ẹ tó gbà pé géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà kan jọ ogun gidi, ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ ogun díẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn òkè níbi tí ojú ọ̀tá kò lè tó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yìnbọn, kí ẹ sì máa wo ibi tí ọta ìbọn ọ̀tá ń bọ́ sí. Bó bá ń bọ́ lé wọn lórí láìsí amí tó rí wọn, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó ń darí ọ̀tá ń wo ohun tó yẹ kó pamọ́ fún un. Nínú eré ogun orí máàpù tí Reisswitz, ọ̀gá ológun kan, tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní Prussia (ìjọba àtijọ́ kan ní agbègbè Jámánì) lọ́dún 1824 pàápàá, adájọ́ kì í fi ohun tí ẹnì kan kò lè rí hàn án.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìjà kan náà jà. Ní Kubwa, Àbújá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan. Afárá kan náà ni ọkọ̀ ogun ọ̀tá ń gbà lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àní nígbà tí èyí tó ṣáájú ṣì ń jó lórí rẹ̀. Ọ̀gágun gidi ì bá ti wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ipele ìṣòro tí géèmù ń jẹ́ kí ẹ yàn, nítorí nínú ọ̀pọ̀ géèmù, iye tàbí agbára ọ̀tá ló ń fi kún, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀.