Bí Mo Ṣe So Ẹ̀rọ Eré Ìje Ọkọ̀ Méjì Pọ̀ ní Kabba
Ẹ̀rọ eré ìje ọkọ̀ Daytona USA méjì ni mo tò sí ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó jókòó sí wọn kò rí ara wọn lójú ọ̀nà. Mo rò pé okùn ìmọ́lẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ ti kán, àmọ́ nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀ kan, ìmọ́lẹ̀ yọ ní ẹnu kejì. TX, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde, ni mo ti so mọ́ TX! TX ẹ̀rọ kan ló gbọ́dọ̀ lọ sí RX èkejì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ní àlọ àti ní àbọ̀. Nínú ètò ẹ̀rọ, mo fi ọ̀kan ṣe Master (èyí tó ń darí), èkejì ṣe Slave (èyí tó ń tẹ̀lé e), mo sì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Mo pa wọ́n, mo tún tàn wọ́n. Ọkọ̀ méjèèjì sì jọ tò sójú ìlà.