Omi Nìkan Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ̀rọ Ìkàwé Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tó bá fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ilé kì í ní àyè ìwé. Ibi tí ìwé ìbá wà, okùn àti irinṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ìwé tó bá sì pẹ́ nínú ọ̀rinrin òkun, yóò hu èébu ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìkàwé (e-reader, irú bíi Kindle, tí èèyàn fi ń ka ìwé orí ẹ̀rọ) fi wúlò lórí omi. Bí oòrùn bá ṣe ń ràn tó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń hàn tó, kò dà bíi fóònù tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ́sàn-án gangan.

Àmọ́ omi nìkan ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Wọ́n á ra àpò tí omi ò lè wọ̀, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á sì jókòó lé e lórí. Abẹ́ ìdí olówó rẹ̀ ló máa ń kú sí. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ yìí, gíláàsì tín-ín-rín kan wà lábẹ́ ojú tí à ń rí. Ó lè fọ́ kí ìta má sì ní àpá kankan. Ohun tí ẹ ó kàn rí ni pé ìdajì ojú ewé ò yí padà mọ́, ìlà dúdú sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò sí àtúnṣe. Ẹ wá ibi tóóró kan fún un, kó dúró lóòró láàárín aṣọ, nínú ìbòrí tó le, níbi tí kò ti ní já bọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí omi náà. Ẹni tó bá ti rí IPX8, ìyẹn àmì pé ẹ̀rọ lè wà nínú omi fúngbà díẹ̀, lára ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń rò pé òun ti bọ́. Ẹ ka ohun tí àwọn tó ṣe é kọ. Kindle Paperwhite tó jáde lọ́dún 2018 lè wà nínú omi tí kò níyọ̀, ní jíjìn mítà 2, fún ìṣẹ́jú 60. Nínú omi òkun ńkọ́? Mítà 0.25 péré, fún ìṣẹ́jú 3. Inú òkun tí ọkọ̀ yín wà kọ́ ni ìṣẹ́jú 60 yẹn wà fún. Bí omi òkun bá gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ kì í lọ. Yóò dúró sínú ihò ṣájà, yóò máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, yóò sì máa jẹ irin tó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí omi òkun bá ta sí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún omi, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ má rì í bọ inú ìrẹsì o. Ìrẹsì kì í fa iyọ̀ jáde. Èyí tí kò ní ààbò kankan, inú ọ̀rá tó ṣeé pa ẹnu rẹ̀ dé ni kẹ́ ẹ ti máa kà á. Ìka yóò ṣì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ti òòfà ni mo rò pé àwọn èèyàn kì í sọ tó. Ìbòrí tó ń mú kí ẹ̀rọ sùn nígbà tí ẹ bá pa á dé, òòfà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì á yà. Èyí ṣì dáa, torí ojú rí i. Kọ́ńpáàsì kejì, èyí tó ń bá ẹ̀rọ tó ń dá ọkọ̀ darí ṣiṣẹ́, sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ibùsùn tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ kò ní mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ń yà kúrò lọ́nà. Ẹ wá ibi tí tiyín wà kí ẹ tó ṣí kúrò ní èbúté.

Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, rírí orúkọ ìwé lójú ẹ̀rọ kò túmọ̀ sí pé ìwé náà ti wọlé. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nígbà tí Wi-Fi ṣì wà. Láti February 26, 2025 ni Amazon, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Kindle, ti mú àyè tí èèyàn fi ń gba ìwé Kindle sórí kọ̀ǹpútà kúrò, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́ yẹn. Project Gutenberg, ibi ìkówèésí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ìwé tó lé ní 70,000, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè dà wọ́n kọ sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ẹ bá ti kúrò ní èbúté, ẹ pa Wi-Fi rẹ̀. Yóò kàn máa wá ohun tí kò sí, bátìrì á sì máa tán. Ẹ má sì tan ínfátà ní gbogbo òru torí ẹ̀rọ tí fóòtì (volt) 5 tó: ihò USB tó ń gba iná tààrà láti ara bátìrì fóòtì 12 ti tó o.

Lóru, ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ ò gbọ́dọ̀ kàwé pẹ̀lú iná funfun. Ojú nílò bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn lò dáadáa, ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú kan péré sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iná pupa tó rọ̀ ló dáa. Èmi ò tilẹ̀ fara mọ́ kíka ìwé lẹ́nu ìṣọ́ rárá. Òfin 5 nínú òfin ìrìn orí òkun ti 1972 ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi ojú àti etí ṣọ́nà nígbà gbogbo, ọkọ̀ ńlá tó ń sá 20 knots (máìlì òkun 20 ní wákàtí kan) yóò sì ti rin máìlì òkun 5 láàárín ìṣẹ́jú 15. Orí ìwé kan nìyẹn.

Ó ku ìwé ìtọ́ni ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kó PDF rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ dúdú-òun-funfun, wọ́n á ní ó parí. Ọjọ́ tí iná bá kú láàárín òkun ni wọ́n á rí i pé wáyà pupa, wáyà aláwọ̀ ewé àti wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ti di eérú kan náà nínú àwòrán. Ojú ewé wáyà yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà ní aláwọ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ ibi tí ọwọ́ ti lè tó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.