Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Iye Tó Tọ́ Lórí Ìbọn Àlòkù ní Ṣọ́ọ̀bù Ìbọn ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá fẹ́ ta ìbọn àlòkù fún ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní iye kan lọ́kàn: iye tó fi rà á, kó kàn yọ díẹ̀ kúrò. Ti oníṣọ́ọ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí òun fúnra rẹ̀ máa rí tà á fún oníbàárà mìíràn ló ń wò, á wá yọ ìnáwó àti èrè tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ iye yẹn kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti mọ ibi tí ìná-ọjà máa parí sí. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, iyekíye tí wọ́n bá pè á dà bí ìwọ̀sí létí yín.

Ìṣirò oníṣọ́ọ̀bù

Ẹ jẹ́ ká mú ìbọn ìléwọ́ kan tí tuntun rẹ̀ ń lọ ní $550. Àlòkù rẹ̀ tó mọ́ kò ní ju nǹkan bí $420 lọ, torí ta ló máa ra àlòkù nígbà tó bá jẹ́ $50 péré ló kù kó fi ra tuntun tó ní wáráńtì? Nínú $420 yẹn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á fún ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ní nǹkan bí ìdá 50 sí 65 nínú 100, ìyẹn $210 sí $273. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ ìbọn mìíràn lọ́wọ́ wọn ni, wọ́n lè fi díẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa jèrè: lórí èyí tí ẹ rà, àti lórí èyí tí ẹ gbé wá.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe pààrọ̀ kì í sábà kà mọ́ ọn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ iye ìbọn tí ẹ fi ṣe pààrọ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí ọjà. Bí ìbọn tuntun bá jẹ́ $800, tí wọ́n sì ka tiyín sí $270, orí $530 nìkan ni owó orí á bọ́ sí. Bí owó orí bá jẹ́ ìdá 7 nínú 100, $18.90 ló dúró sápò yín. Ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín wà lára wọn.

Láti mọ iye tí àlòkù ń lọ lóòótọ́, ẹ wo ọjà tó ti tà, ẹ má wo iye tí àwọn èèyàn ń pè. Lórí GunBroker, ìkànnì gbàǹjo ìbọn, ẹ lè rí àwọn gbàǹjo tó ti parí àti iye tí wọ́n parí sí. Ẹ wá márùn-ún tàbí mẹ́fà tó bá tiyín mu gẹ́lẹ́: orúkọ kan náà, irú ọta kan náà, gígùn ọ̀pá kan náà. Ẹ yọ èyí tó wọ́n jù àti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù kúrò, kí ẹ ro iye ìyókù pọ̀, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe pọ̀ tó pín in. Fún ìbọn àtijọ́, ìwé Blue Book of Gun Values wúlò, nítorí ó ń to iye gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́kù lára irin ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lórí káńtà

Inú ọ̀pá ni wọ́n ń kọ́kọ́ tan iná sí. Ìlà lílọ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete, etí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kú. Ìpáàrà fúlẹ́fúlẹ́ tó ṣeé nù kúrò kò burú jù. Ihò wẹ́wẹ́ tí ìpáàrà ti jẹ sínú irin ni kò látùn-únṣe. Bí òrùka dúdú kan bá yí po nínú ọ̀pá, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti yìn ín nígbà kan rí nígbà tí nǹkan dí i, ọ̀pá sì ti wú níbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ kò ní ná irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ju iye ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orí ṣúkúrù. Orí ṣúkúrù tí síkúdíráfà tí kò bá a mu ti họ ń sọ fún un pé ẹnìkan ti tú ìbọn náà láìmọ̀ ọ́n tú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí onítọ̀hún bàjẹ́.

Fún rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń wà nínú sílíńdà tó ń yí, àyẹ̀wò náà tún le sí i. Nígbà tí wọ́n bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, wọ́n á fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Sílíńdà gbọ́dọ̀ ti há sáyè rẹ̀ kí òòlù tó dé òpin. Bó bá ṣì ń yí lẹ́yìn ìgbà náà, ìṣètò rẹ̀ ti yẹ̀. Wọ́n á tún ti sílíńdà síwá-sẹ́yìn bóyá ó ń mì. Àlàfo tó wà láàárín sílíńdà àti ìdí ọ̀pá sábà máa ń wà láàárín 0.004 sí 0.008 ínǹṣì, bó bá ti kọjá 0.010, iye ti ń wálẹ̀ nìyẹn, torí àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì wákàtí.

Fún ìbọn ọdẹ tó ní ọ̀pá méjì, ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i lókè. Lára tuntun, bí ìbọn bá ti pa dé, apá ọ̀tún díẹ̀ ni ọwọ́ náà máa ń dúró sí. Bó bá ti wá sí àárín, ó ti gbó díẹ̀. Bó bá ti kọjá sí òsì, ibi ìdè rẹ̀ ti gbó.

Àwọn ìbọn kan ní àrùn tiwọn. Àwọn ìbọn Browning kan tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ní igi ìdí tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ. Iyọ̀ náà ń fa ọ̀rinrin, ó sì ń jẹ irin láti inú, níbi tí ojú kò tó. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n tú ṣúkúrù méjèèjì tó wà ní ìsàlẹ̀ ìdí igi náà. Bí wọ́n bá jáde pẹ̀lú ìpáàrà pupa, wọ́n á dá a padà fún yín tàbí kí wọ́n gé iye rẹ̀ sí méjì. Ẹ tú u wò nílé ná, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa bá yín lójijì.

Ṣíṣe àti àìṣe kí ẹ tó gbé e jáde

Ẹ fọ̀ ọ́. Kí búrọ́ọ̀ṣì bàbà wọ inú ọ̀pá pẹ̀lú oògùn ìfọbọn, kí aṣọ ìnu tẹ̀lé e títí yóò fi jáde ní mímọ́, kí òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbẹ̀yìn. Èérí inú ọ̀pá jọ ìpáàrà lójú iná, oníṣọ́ọ̀bù tí kò dá a lójú á sì kà á sí ìpáàrà.

Ẹ má ṣe kun ún ní àwọ̀ tuntun o. Èyí ló ń ná àwọn èèyàn lówó jù. Ìbọn àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ lọ́nà àdánidá ṣì ní iyì lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìbọn jọ; èyí tí wọ́n ti dán tí wọ́n sì tún kùn lè pàdánù ìlàjì iye rẹ̀. Kò sì ṣeé fi pamọ́: lẹ́tà tó wà lára irin á ti fẹ́ pa rẹ́, etí tó yẹ kó mú á ti di róbótó, ẹ̀bá ihò ṣúkúrù á sì ti jìn bí àwo. Kànrìnkàn irin náà kò gbọdọ̀ kan ìbọn tó ṣeé ṣe kó níyì.

Páálí tó wá pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti ìbọn mu, ẹ gbé e dání. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìlò àti magasíìnì. Ìbọn tó wá láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú magasíìnì méjì, tó wá dé káńtà pẹ̀lú ẹyọ kan, oníṣọ́ọ̀bù á yọ owó ẹyọ kejì. Ṣùgbọ́n awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn tí ẹ rà ní $300 tí ẹ dè mọ́ ọn, ẹ tú u kí ẹ tà á lọ́tọ̀. Wọn kì í sábà fi nǹkan gidi lé iye nítorí rẹ̀. Tírígà tí ẹ pààrọ̀, ẹ dá ti ilé-iṣẹ́ padà bó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rù ẹjọ́ ń ba oníṣọ́ọ̀bù lórí tírígà tí kò mọ ẹni tó ṣe é.

Nǹkan mìíràn tún ni iná alẹ́ tritium, èyí tó ń tàn fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn, tó wà lójú ìtọ́ka. Láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìlàjì, nítorí náà ẹ má gbà pé ó ṣì tó ìdí fún àfikún lára ìbọn ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjà tó ń yá àti èyí tó ń kú

Ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta .40 S&W ni ẹ̀kọ́ tó dára jù. Nígbà tí FBI padà sí ọta 9mm ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn, àwọn ìbọn .40 tí wọ́n fi ṣe pààrọ̀ sì kún ṣọ́ọ̀bù. Bí tiyín bá tiẹ̀ mọ́ bí ẹyin, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tí wọn kò sì yìn púpọ̀, ló máa bá figagbága lórí owó. Ní ìdàkejì, ráífù Winchester Model 70 tí wọ́n ṣe kí ilé-iṣẹ́ náà tó yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà ní 1964 kì í pẹ́ lórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni rìfọ́fà Colt Python àtijọ́.

Ráífù ọdẹ máa ń yá ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, kí àsìkò ọdẹ tó wọlé. Ní oṣù kìíní, àwọn tó ń tà pọ̀ ju àwọn tó ń rà.

Owó, pààrọ̀, tàbí kí wọ́n bá yín tà á

Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá yín tà á, kí wọ́n yọ ìdá 10 sí 20 nínú 100. Lórí ìbọn $420 tòkè yẹn, bí wọ́n bá yọ ìdá 15, $357 ló máa délé. Ó dára ju $273 lọ, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù mélòó kan. Mo gbà pé ọ̀nà yìí ló yẹ ìbọn tó níyì. Fún ìbọn wọ́pọ̀ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ní mẹ́ta nílẹ̀, ẹ gba pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé: iye tí wọn kò gbọdọ̀ tà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn parí, àti ẹni tó máa san án bó bá sọnù tàbí bó bá bàjẹ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí kò bá tà, tí ẹ fẹ́ gbé e padà, ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù 4473, fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì ṣe àyẹ̀wò NICS lórí yín, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá òfin gbà yín láyè láti ní ìbọn, lórí ìbọn tó jẹ́ tiyín.

Ẹ pe ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù kí ẹ tó lọ. Kí ìbọn wà nínú àpò rẹ̀, láìsí ọta nínú rẹ̀ rárá, kí ọta má sì bá a wọlé. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn ló ṣí i. Kò sí fọ́ọ̀mù 4473 fún ẹni tó kàn ń tà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á gba káàdì ìdánimọ̀ yín, orúkọ àti àdírẹ́sì yín á sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Bí ẹ bá ń ṣe pààrọ̀, ìbọn tí ẹ ń gbà ló máa gba 4473. Àyẹ̀wò rẹ̀ lè dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi tiyín sílẹ̀ láìgba ìwé tó sọ iye tí wọ́n kà á sí.

Ìbọn tí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kò fi dandan jẹ́ ti olè, torí kí òfin ìbọn ti ìjọba àpapọ̀ ní 1968 tó dé, wọ́n ṣe ráífù .22 àti ìbọn ọdẹ olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ láìsí nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n ti họ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ìwà ọ̀daràn ni níní in, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ rí i pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ọjọ́ wà lórí rìsíìtì kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà. Bí wọ́n bá rí ìbọn náà níbi ìwà ọ̀daràn lọ́jọ́ iwájú, láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, á ti máa tọ ipa rẹ̀ bọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rà á, rìsíìtì yẹn ni ẹ ó sì nà sí wọn.