Àṣìṣe Tí Àwọn Àlejò Máa Ń Ṣe ní Erékùṣù Gberefu

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì rárá, nítorí wọ́n ti gbà lọ́kàn pé ibi òkú ni Gberefu, erékùṣù tó wà lódìkejì ọ̀sà níbẹ̀. Lóòótọ́, ojú ọ̀nà oníyanrìn tó wà lórí erékùṣù náà ni wọ́n da àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun, òun ló mú kí wọ́n máa pè é ní ibi àrèmabọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alààyè ń gbé níbẹ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gbin àgbọn, wọ́n ń tọ́mọ. Ìlú onílùú lẹ fẹ́ wọ̀.

Ẹni tí kò bá rí èyí á ṣe ìyókù kọdọrọ. Ẹ wo ti owó. Àlejò á san owó gọbọi fún ẹni tó kó wọn wá láti Èkó, kò ní bá a dúnàá-dúrà. Á wá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta àgbọn tútù, á ní kó gbé ìlàjì owó rẹ̀ kúrò. Ó ti di ìrẹsì àti omi inú ike wá láti ilé, kò ra ẹja, kò ra òróró àgbọn. Nígbà tó bá máa fi padà, ike òfìfo nìkan ni erékùṣù náà jogún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé sọdá ọ̀sà, ẹ gbé e padà.

Ẹ má ṣe lọ láìmú amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé yín wá láti Èkó lè mọ̀ pé ní Àgbádárìgì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Kò mọ ẹni tó ni oko àgbọn tí ẹ fẹ́ já gbà kọjá. Kò mọ ojúbọ tí wọn kì í ya fọ́tò rẹ̀. Bí Zangbeto, eégún àwọn Ègùn tó ń fi ìko bora, bá jáde, ọmọ ibẹ̀ ló máa sọ ibi tí ẹ ó dúró sí, á sì gbà yín lọ́wọ́ ẹnu yín bí ẹ bá fẹ́ béèrè pé ta ló wà lábẹ́ ìko yẹn.

Kànga tó wà lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù. Wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú kí àwọn ẹrú gbàgbé ilé. Ibẹ̀ gan-an làwọn kan ti ń ṣe bí ẹni mu omi, tí wọ́n á máa yíjú, tí ẹlòmíì ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ̀rín á sì ta. Ẹni tó ń ṣe èyí kì bá ti wá.

Àwọn ọmọdé ibẹ̀ náà kì í ṣe ohun ìran. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí wọn kí ẹ tó ya fọ́tò wọn, ẹ má sì fọ́n owó sílẹ̀ kí wọ́n máa jà lé e lórí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe oore, ẹ bi àwọn àgbà ìlú ohun tó jẹ wọ́n lógún.

Etí òkun lẹ́yìn erékùṣù náà lẹ́wà, àmọ́ ìgbì rẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ mọ odò wẹ̀.

Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò ṣeé fojú di, nítorí náà, ẹ tètè kúrò nílé. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ owó àlọ àti àbọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ẹ sì fi àdéhùn sí i pé ẹ ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí láífù-jákẹ́ẹ̀tì kò bá kárí gbogbo yín, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.