Láti Ara Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀ sí Gáàsì Háídírójìn: Ìdánwò Tí Mo Ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí mo fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni bí purotéènì inú ewé ṣe ń fi agbára oòrùn gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (ohun tíntìntín tí ó gbé agbára iná mànàmáná) lára omi, nítorí pé láìsí ìyẹn, kò sí bí ewé ṣe lè ṣèrànwọ́ láti pèsè gáàsì háídírójìn.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ ni mo rà ní ọjà Jagun. Mo já igi rẹ̀ kúrò, mo gún ewé rẹ̀ pẹ̀lú omi ṣúgà nínú odó kékeré tí mo gbé ka orí yìnyín. Ṣúgà ni kì í jẹ́ kí omi ya wọ inú chloroplast, ìyẹn àwọn ẹyọ aláwọ̀ ewé tí purotéènì náà wà nínú wọn, kí wọ́n má baà bẹ́. Òtútù ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè bàjẹ́. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo sì fi ẹ̀rọ yí i bírí títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fi lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe kánjú níbí o, torí pé fítámì C inú omi ẹ̀fọ́ lè pa àwọ̀ DCPIP, oògùn aláwọ̀ aró tí a fẹ́ lò, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń pòórá bí ó bá gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, rẹ́ nínú òkùnkùn pàápàá. Mo da omi orí rẹ̀ nù, mo fi omi ṣúgà tuntun pò ó, mo sì tún un yí.

Mo bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà pẹ̀lú DCPIP sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta: mo fi bébà fàdákà wé ọ̀kan, mo ti kọ́kọ́ se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú èkejì, mo sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ gbalasa. A kó gbogbo wọn sínú abọ́ omi tútù nínú oòrùn. Nígbà tí a tò wọ́n sórí ìwé funfun, àwọ̀ aró ti pòórá nínú ẹ̀kẹta nìkan. Èyí tí a sè ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó fi hàn pé oòrùn nìkan kò tó; iná ti ba purotéènì tí ń ṣiṣẹ́ náà jẹ́.

Robert Hill ni ó fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1937 pé chloroplast tí a yọ kúrò nínú ewé ṣì lè mú ọ́síjìn jáde. Purotéènì Photosystem II ni ó ń tú omi ká, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń lọ sí Photosystem I, purotéènì mìíràn tí òun náà ń lo ìmọ́lẹ̀. Nínú ìgò wa, DCPIP ló gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ, nítorí náà háídírójìn kò lè jáde. Ní Amẹ́ríkà ní 1985, Elias Greenbaum kéde pé òun fi platinum, irin iyebíye kan tí ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti pèsè háídírójìn, sára chloroplast, tí háídírójìn àti ọ́síjìn sì jáde nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí i.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo kán DCPIP mìíràn sínú ìgò ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà mọ́. Ìmọ́lẹ̀ a máa ba D1, ọ̀kan lára purotéènì Photosystem II, jẹ́. Ewé tí ó wà lára igi a máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n chloroplast inú ìgò kò rí ẹni tún un ṣe. Ìṣòro tí ó kù fún àwọn tí ń wá háídírójìn lọ́nà yìí gan-an nìyẹn.