Owó Àjọ Tí Kò Jẹ́ Kí N Rí Físà Gbà

Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ní àwọn ò ní fún mi ní físà ìbẹ̀wò sí ìlú Ọba. Oyún ọmọ mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́jọ ní Manchester. Mo sunkún títí. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè jókòó ti ìwé tí wọ́n kọ sí mi, tí mo mú bírò, tí mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ físà ní kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Méjì péré ni, wọ́n sì kọ nọ́ńbà òfin físà ìbẹ̀wò wọn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. V 4.2(a): kò dá a lójú pé màá padà sílé. V 4.2(e): kò mọ ibi tí ₦2,400,000 tó já wọ àkáǹtì mi lójijì ti wá.

Owó àjọ ni! Àwa méjìlá la jọ ń dá a ní Gbági, n'Íbàdàn, níbi tí mo ti ń ta aṣọ, ₦200,000 lóṣooṣù, èmi ló sì kàn láti kó o. Ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ síbì kankan. Lójú ẹni tí kò dá àjọ rí, ṣe ló dà bí owó tí mo yá kí àkáǹtì mi lè kún.

Wọn kì í pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí físà ìbẹ̀wò. Èèyàn lè tún un bèèrè nígbàkúùgbà, £115 ni wọ́n ń gbà nígbà náà, àmọ́ ìwé kan náà ì bá tún bí èsì kan náà. Mo dúró di oṣù kẹfà.

Olórí àjọ wa kọ lẹ́tà, ó to orúkọ gbogbo wa àti oṣù tí oníkálukú kó tirẹ̀. Mo gba sitéétímẹ́ǹtì ọdún kan ní báńkì, mo sàmì sí gbogbo ₦200,000 tó ń jáde lóṣooṣù, kí ẹni tó ń kà á lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ìyẹn gbà mí lákòókò ju gbogbo ìyókù lọ. Mo fi rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, ìwé orúkọ okòwò mi àti ìwé iléèwé àwọn ọmọ mi méjì tó kù nílé tì í, mo wá kọ lẹ́tà tó dáhùn kókó méjèèjì.

Ẹnìkan ní kí n má sọ pé wọ́n ti kọ̀ láti fún mi ní físà rí. Mi ò gbà. Fọ́ọ̀mù bi mí, àkọsílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Irọ́ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn fún ọdún 10.

Oṣù keje ni físà oṣù 6 jáde. Ọmọ-ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́rin kí n tó gbé e pọ̀n.