Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìlú Méjì Tí Ìwà Wọn Kò Jọra

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì nípa ìlú tí ó sàn ju tiwa lọ, ẹ má ṣe kọ ìlú tí kò ní àbùkù. Ní Utopia pàápàá, erékùṣù àròsọ tí òǹkọ̀wé Thomas More kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1516, níbi tí wúrà kò ti já mọ́ nǹkankan, ẹrú ṣì wà, wúrà náà ni wọ́n sì fi ń rọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọn.

Ẹ kọ ìlú méjì, kí ọ̀kan lè tú àṣírí èkejì. Nínú The Dispossessed tí Ursula K. Le Guin tẹ̀ jáde ní ọdún 1974, ẹnikẹ́ni kì í ní ohun ìní lórí Anarres, ọ̀kan nínú ayé méjì inú ìtàn náà, kò sì sí ọba. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ohun tí aládùúgbò yóò sọ ti di òfin tí a kò kọ sílẹ̀, òun ni ó sì dí iṣẹ́ onímọ̀ físíìsì tí ń jẹ́ Shevek lọ́wọ́. Urras, ayé kejì tí Shevek sá lọ, ní ọrọ̀, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ìbọn ni wọ́n fi dá àwọn tí ó ṣe ìwọ́de lóhùn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí: inú ìwà rere ìlú náà ni kí àbùkù rẹ̀ ti hù jáde, kí ó má ṣe jẹ́ àbùkù tí òǹkọ̀wé kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí àwa ará Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni ìlú wa ní nǹkan bí ọdún 1829. Akọni tí ó ti ibòmíràn wá lè gun àkàbà oyè, a sì ń ki ìlú náà títí di òní pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ṣùgbọ́n ojú ogun ni akọni ti ń fi ara rẹ̀ hàn, nítorí náà ogun di ohun tí ìlú kò lè ṣe aláìní, agbo ilé àwọn ìjòyè sì kún fún ẹrú. Ẹnubodè tí ó ṣí sílẹ̀ fún àlejò náà ni a gbà kó wọn wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rán ẹnìkan láti ìlú kan lọ sí èkejì, kí ohun kékeré kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, bí ilẹ̀kùn tí a tì pa ṣe ya Shevek lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó padà sílé, ṣùgbọ́n kí ìtàn dúró kí ó tó balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Le Guin ti ṣe, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ máa ro irú ẹni tí yóò wá pàdé rẹ̀.